Igi Nìkan Kọ́ Ló Ń Gun Ìgbì: Ìtàn Ìdúró Ara Nínú Ọkọ̀ Létíkun Etikan

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Ìlàjẹ, ọba ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà. Wọ́n á ka Olúgbò ti Ùgbò, wọ́n á ka Amapetu ti Màhìn, wọ́n á ka Onikan ti Etikan, wọ́n á mẹ́nu ba Aheri, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á bọ́ sórí ẹni tó kọ́kọ́ kúrò ní Ifẹ̀ àti ẹni tó bá ẹlòmíì nílẹ̀. N ò ní dá sí àríyànjiyàn yẹn. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò kò dé adé, kò sì ní oríkì, àwọn òpìtàn kì í fún un ní ju gbólóhùn kan lọ: bí ará etíkun ṣe ń gbé ara rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ibi tó ń fi ẹsẹ̀ sí, bó ṣe ń kúnlẹ̀, ìgbà tó ń dìde, bó ṣe ń tú ìbàdí sílẹ̀ kí omi lè yí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀ láìyí òun fúnra rẹ̀. Èrò mi ni pé ìmọ̀ ara yìí ló wà nídìí púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ìtàn Etikan àti ti gbogbo Ìlàjẹ. Òun ló jẹ́ kí òwò lè gba ibẹ̀ kọjá. Òun ló jẹ́ kí àwọn alágbára tó ní ìbọn àti ọkọ̀ ńlá máa wá ẹni tí yóò wa ọkọ̀ fún wọn. Òun náà ni ọmọ Ìlàjẹ gbé dání nígbà tó ṣí lọ sí Mákòkó ní Èkó, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń kọ́ ọ. Ọkọ̀ ṣe pàtàkì, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n gbẹ́ kò mọ̀nà.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Etikan wà ní ìwọ̀ oòrùn Ìlàjẹ, ní ìhà ibi tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fẹnu ko Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kkí kò sì jìnnà bí ènìyàn bá gba ojú omi. Òkun wà níwájú, ọ̀sà àti odò kéékèèké wà lẹ́yìn, ilẹ̀ tó wà láàrin wọn sì rẹlẹ̀ débi pé kò sí òkìtì kan tí ènìyàn lè gùn láti wo ọ̀nà jíjìn. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí mẹ́rin: iyanrìn àti ọ̀sà láti ọ̀dọ̀ Àgbádárìgì títí kọjá Lẹ́kkí, ẹrẹ̀ Màhìn, Niger Delta, àti iyanrìn tó na ọwọ́ lọ bá Kamẹrúùnù. Apá ti ẹrẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 75 títí dé ẹnu odò Benin, ìhà Etikan sì ni iyanrìn ti ń fi ipò sílẹ̀ fún un. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Níbi tí iyanrìn bá wà, ìgbì a máa ga, a máa ya lulẹ̀ nítòsí èbúté pẹ̀lú ariwo, a sì máa fọ́ ọkọ̀. Níbi tí ẹrẹ̀ bá wà, ẹrẹ̀ rírọ̀ náà a máa gba agbára lọ́wọ́ ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà ní irú ibi báyìí ní oríṣi omi mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà: odò tóóró tó dákẹ́, ọ̀sà gbalasa tí afẹ́fẹ́ lè rú nígbàkígbà, àti òkun tí ẹrẹ̀ ti rọ̀ lójú. N ò mọ ilé ẹ̀kọ́ tó lè dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń dúró lórí ohun tí kò dúró.

Ẹ wo ẹni tó wà ní ìdí ọkọ̀ kékeré kan nígbà tí ìgbì ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara odindi igi rí róbótó lábẹ́, kò sì sí ohun tó ń dì í mú kó má yí. Bí ẹni inú rẹ̀ bá jókòó gan-an, tó sì le bí òpó, òun àti ọkọ̀ ti di ohun kan náà nìyẹn: bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sọ́tùn-ún, orí àti àyà rẹ̀ á bá a lọ sọ́tùn-ún, ìwúwo wọn á sì tún ti ọkọ̀ náà sí i, títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Omi tó bá sì wọlé kì í dúró sójú kan, ẹ̀gbẹ́ tó ti rẹlẹ̀ náà ló máa ń sáré lọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò kúnlẹ̀, yóò fi ìdí lé gìgísẹ̀ kí ìwúwo lè lọ sísàlẹ̀, yóò ya orúnkún títí wọn á fi kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì, kí orúnkún lè gbọ́ ohun tí omi ń ṣe kí ojú tó rí i. Nígbà tí ìgbì bá gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, orúnkún ọ̀tún á gòkè, ti òsì á tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí á yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n àyà àti orí á wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò ní kúrò lómi. Kò fi wakọ̀ mọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ṣe ló tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lé ojú omi, tó ń fara tì í. Ojú rẹ̀ kò sí lára ìgbì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ti kọjá agbára rẹ̀. Ìgbì kẹta tó ń bọ̀ ló ń wò, torí òun ló ṣì láyè láti yí orí ọkọ̀ sí.

Ti ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ nínú omi tí kò jìn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò lè kúnlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dúró ní ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan síwájú, èkejì sẹ́yìn, orúnkún rírọ̀ díẹ̀, kó sì fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ọkọ̀ síwájú bó ṣe ń fi ọwọ́ ti ọ̀pá sẹ́yìn. Ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ a sì máa di ọ̀pá mú. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń yí ọ̀pá díẹ̀ kó tó fà á, tó kàn rọ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ á máa lọ láìsí òun, òun á sì kù sórí ọ̀pá bí ẹyẹ. Àwọn ọmọdé etí odò kì í sì í pa ẹ̀rín mọ́ra.

Láyé òde òní, orí òkè ni wọ́n ti ṣàlàyé irú ìmọ̀ yìí jù, kì í ṣe orí omi. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Fairfax, ní Marin County ní Kalifọ́níà, bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Repack: wọ́n á gbé kẹ̀kẹ́ gun orí òkè, wọ́n á wá gùn ún sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku olókùúta, tí ilẹ̀ fi ń lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,300 láàrin nǹkan bíi máìlì méjì. Charlie Kelly, Gary Fisher àti Joe Breeze wà nínú àwọn tí orúkọ wọn mọ́ eré náà. Bíréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó tán, wọ́n sì ní láti tún òmíràn kì sínú rẹ̀ kí wọ́n tó tún lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ eré náà ti wá. Àwọn tó ń kọ́ni ní gígun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ òkè ti wá to ohun tí ara ń ṣe lẹ́sẹẹsẹ: má jókòó, dìde lórí pẹ́dà, jẹ́ kí pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, tẹ orúnkún àti ìgúnpá, gbé ìdí sẹ́yìn kó sì rẹlẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń dà sísàlẹ̀, kí o má bàa gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fò nígbà tí o bá fún bíréèkì, tẹ gìgísẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ ni kó gbé ìwúwo, kì í ṣe ọwọ́, bí o bá fẹ́ yà, tẹ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ rẹ, kí ara tìrẹ dúró, wo iwájú, má wo táyà. Ẹni tó bá fi èyí wé ohun tí mo sọ nípa ìdí ọkọ̀ yóò rí i pé òfin kan náà ni. Ohun tó ń gbé ọ ń mì, ìwọ má bá a mì.

N kò mú kẹ̀kẹ́ wá láti fi ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ó wúlò fún àríyànjiyàn mi nítorí pé ìmọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbogbo ayé ló sì rí ohun tó ṣáájú. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Fairfax gùn kì í ṣe kẹ̀kẹ́ òkè rárá. Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ ni, tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1940, tó wúwo, tí a ṣe fún ojú títì pẹrẹsẹ. Ara wọn ló kọ́kọ́ mọ ọ̀nà òkè, nípa ṣíṣubú àti dídìde. Ìgbà tí ara ti mọ̀ ọ́n ni Joe Breeze wá kan kẹ̀kẹ́ tí a ṣe nítorí rẹ̀, láàrin ọdún 1977 sí 1978. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pá ìwájú tó ń mì lórí sípíríńgì dé, tí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún sísọ̀kalẹ̀ òkè sì wáyé ní Durango, ní Kolorádò, lọ́dún 1990. Ara ló ṣáájú, ohun èlò ló tẹ̀lé e. Bí a bá fi èyí sọ́kàn wo etíkun tiwa, a ó yé gbà pé ọkọ̀ rere ló bí awakọ̀ rere.

Ẹni tó bá fẹ́ takò mí yóò sọ pé, ṣé kì í ṣe igi ni? Igbó Ìkálẹ̀ àti Àpọ́ì wà lẹ́yìn Ìlàjẹ, ìrókò àti arère ń bẹ níbẹ̀, odò sì ń gbé wọn wá. Ẹni tó ní igi ńlá ló ní ọkọ̀ ńlá, ẹni tó ní ọkọ̀ ńlá ló ni omi. Ẹ̀rí kan wà tó dà bíi pé ó gbè é. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà tó kọ̀wé nípa etíkun wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé ní Rio Real, ní ìhà Bonny, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti ara igi kan ṣoṣo lè gba 80 ènìyàn. Ọkọ̀ ńlá nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òní. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn òyìnbó ti ń ra ẹrú níbẹ̀, ọkọ̀ wọn kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì. Àwọn ará ìlú náà mọ ọkọ̀ wà dáadáa lórí ọ̀sà, ìgbì òkun ni kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Kí ni àwọn òyìnbó ṣe? Wọ́n lọ sí Elmina àti Cape Coast, ní ilẹ̀ Gánà òní, wọ́n ra ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì gba àwọn awakọ̀ ibẹ̀ síṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, wọ́n ń sanwó lọ, wọ́n ń sanwó bọ̀, débi pé àwọn kan nínú àwọn awakọ̀ yìí tẹ̀dó sí Aného ní ilẹ̀ Tógò. Bó bá jẹ́ pé igi ni gbogbo rẹ̀, rírà ọkọ̀ ì bá ti tó. Oníṣòwò kì í sanwó ohun tí kò nílò, pàápàá oníṣòwò ẹrú. Ara tó mọ ìgbà tí ó yẹ kó dúró de ìgbì, ìgbà tó yẹ kó sáré, ìgbà tó yẹ kí gbogbo àwọn awakọ̀ tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n ń sanwó fún.

Ìtàn Ouidah kan náà tún dáhùn àtakò kejì, èyí tí mo kà sí èyí tó burú jù nítorí pé ó máa ń wọ aṣọ ìyìn. Ìyẹn ni pé inú omi ni wọ́n bí Ìlàjẹ sí, omi wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ará Ìlàjẹ pàápàá fẹ́ràn láti gbọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀, kí ló dé tí ará Ouidah tó ti ń wakọ̀ láti kékeré kò lè wakọ̀ nínú ìgbì? Ohun tí ara kọ́ ni ara mọ̀, ibi tó ti kọ́ ọ ló sì ti mọ̀ ọ́n jù. Láyìíká Etikan àti Màhìn náà, ẹ wo àwọn Ìjọ́ Arógbò àti Àpọ́ì: orírun wọn yàtọ̀ sí ti Ìlàjẹ, èdè Arógbò kì í tilẹ̀ ṣe Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n ń bá omi kan náà jà nínú ọkọ̀ kan náà. Ọmọ Ìlàjẹ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí kò dé etí omi rí, yóò mi ọkọ̀ bíi ti gbogbo wa lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Pípe ìmọ̀ ní ẹ̀jẹ̀ a máa gba iyì lọ́wọ́ olùkọ́. Olùkọ́ ibẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá ni. Obìnrin tó ń kó ẹja àti ẹní lọ sọ́jà gbé ọmọ sínú ọkọ̀ kí ọmọ náà tó lè rìn, ọmọ ti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń yí kó tó mọ bí ilẹ̀ ṣe ń dúró. Bó bá dàgbà díẹ̀, wọ́n á gbé igbá lé e lọ́wọ́ láti gbọ́n omi, lẹ́yìn náà àjẹ̀ kékeré ní iwájú ọkọ̀, níbi tí àṣìṣe rẹ̀ kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń dé kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ yìí ní ìpele, ó ní ìdánwò, ó ní ìjìyà: ẹni tó bá dìde nígbà tí kò yẹ, gbogbo ilé ló máa bọ́ sómi.

Ibi tí ìmọ̀ yìí ti wọ ìtàn ńlá gan-an ni ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ogun ti dí ọ̀nà láàrin Èkó àti òkè. Ẹ̀gbá di tiwọn, Ìjẹ̀bú di tiwọn. John Glover tó ń ṣàkóso Èkó wá yíjú sí ìlà oòrùn, ní ọdún 1872 wọ́n sì ṣí ọ̀nà Oǹdó. Lórí àwòrán ilẹ̀, ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Ní tòótọ́, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ omi: láti Èkó gba ọ̀sà, kọjá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kkí, wọ inú odò tó wà lẹ́yìn Etikan àti Màhìn, dé Atijẹrẹ, kí ẹrù tó bọ́ sílẹ̀ lọ sókè. Ọ̀nà yìí ni àwọn míṣọ́nnárì CMS gbà lọ sí Òde Oǹdó, títí kan Charles Phillips tó padà di bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀nà yìí kan náà ni ìbọn gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Èkìtìparapọ̀ nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877: àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ra ìbọn ìgbàlódé, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sílé. A mọ ohun tí ìbọn yẹn ṣe sí ogun Ìbàdàn. Gbogbo ìwé ìtàn ló ń ka orúkọ ìbọn náà àti àwọn balógun tó yìn ín. Àpótí ìbọn wúwo, kò sì bá omi rẹ́, bó bá ti yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọkọ̀ lójú ọ̀sà Lẹ́kkí, ogun náà ì bá parí lọ́nà mìíràn. Ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀ wọ̀nyẹn. Kò sí ìwé tó kọ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Màhìn ti ọdún 1885 kò jìnnà sí èyí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣèpàdé ní Berlin lórí ilẹ̀ wa, ilé iṣẹ́ Gaiser ti Hamburg, tó ń ṣòwò ní Èkó, bá Amapetu ṣe àdéhùn lórí etíkun Màhìn. Jámánì gbà á, Gẹ̀ẹ́sì bínú, kí ọdún tó parí Jámánì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn òpìtàn máa ń sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ òṣèlú àti owó orí èbúté Èkó, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ló mú oníṣòwò tó gbọ́n rò pé òun lè kó ẹrù gba etíkun tí kò ní èbúté, tí kò ní afárá, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀. Ó ti rí i pé ìgbì ibẹ̀ rọ̀, àwọn ènìyàn tó mọ̀ ọ́n gùn sì wà níbẹ̀, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn wọn tó já sí òkè. Ohun tó fẹ́ gbà kì í ṣe ilẹ̀ nìkan.

Robert Smith kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì kan ní ọdún 1970 lórí ọkọ̀ nínú ìtàn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ohun tó gbájú mọ́ ni bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀, bó ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe ń fi í jagun àti bí wọ́n ṣe ń fi í ṣòwò. Ìyẹn bójú mu, nítorí ohun tí àwọn arìnrìn-àjò kọ sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ka ọkọ̀, wọ́n wọn ọkọ̀, wọ́n sì wí pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ mọ ọkọ̀ wà, ó tán. Níbi yìí ni àtakò kẹta ti lágbára: ara kì í fi ìwé sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ṣàlàyé ìtàn? Mo gbà pé n kò lè sọ bí atukọ̀ kan pàtó ṣe gbé orúnkún lọ́dún 1872. Àmọ́ omi kò tíì yí òfin rẹ̀ padà láti ìgbà náà, ọkọ̀ róbótó kò sì yí tirẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí omi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà díẹ̀ tó lè gbà dúró kó má rì, èyí tó kù jẹ́ òfò. Bí a bá mọ ọkọ̀, tí a mọ omi, tí a sì mọ̀ pé ẹrù dé ibi tó ń lọ, a ti mọ ara náà dé ìwọ̀n kan. Àwọn òpìtàn máa ń gba irú èrò bẹ́ẹ̀ láyè fún alágbẹ̀dẹ àti amọ̀kòkò. N kò rí ìdí tí a ó fi fi í du awakọ̀.

Ó kù ẹ̀rọ. Láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ti ń tàn ká etíkun wa, àwọn ìjọ Àpọ́sítélì tó tẹ Ayétòrò dó ní Ìlàjẹ lọ́dún 1947 sì di olókìkí fún kíkan ọkọ̀ ìgbàlódé. Lónìí, ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì Yamaha ni ọ̀pọ̀ ń wọ̀ láti Igbókọ̀dá lọ sí ìlú etíkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tí ìmọ̀ àtijọ́ parí sí nìyẹn: fa okùn, di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú, ó tán. Ojú àwo lásán ni wọ́n rí. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, imú rẹ̀ á gòkè, ìdí á rì, awakọ̀ kò sì ní rí iwájú. Ìwúwo ló gbọ́dọ̀ fi wá a sílẹ̀: á ní kí àwọn èrò sún síwájú, á pààrọ̀ ibi tí àpò ìrẹsì wà. Bó bá fẹ́ yà, ọkọ̀ á tẹ̀, ara awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tó tẹ̀ dé kó tó pọ̀ jù. Bí ọkọ̀ mìíràn bá kọjá, tí ìgbì rẹ̀ sì ń bọ̀, ẹni tó jókòó gan-an tó sì le ni ẹ̀yìn á máa dùn lálẹ́. Ọmọ ibẹ̀ á gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí pákó kí ìgbì tó dé, á fi itan gbà á. Kẹ̀kẹ́ òkè náà ti ní sípíríńgì níwájú àti lẹ́yìn báyìí, wọn kò sì tíì yé kọ́ ẹnikẹ́ni ní orúnkún rírọ̀.

Ẹ̀rọ pàápàá a máa kùnà, ìgbà yẹn ni a sì máa ń mọ ẹni tó kọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 1984 ni ewéko kan tó ń léfòó, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, gba ọ̀sà láti ọ̀nà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin wọ Nàìjíríà, kò sì pẹ́ tó fi bo odò Ìlàjẹ. Ó ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. Nígbà náà, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á mú ọ̀pá tàbí àjẹ̀, ẹnì kan á sì dìde dúró nínú ọkọ̀ tí ewéko ń fà síbí sọ́hùn-ún. Epo tó wọ́n gógó láti ọdún 2023 kò sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn lè máa fi ẹ́ńjìnnì lọ sí gbogbo ibi. Nítorí náà, n kò gbà pé ẹ̀rọ ti pa ìmọ̀ yìí. Ohun tó ti ṣe ni pé ó pín in: ìdí ọkọ̀ ti di ti awakọ̀ kan ṣoṣo, àwọn tó kù di èrò. Ìjàǹbá tí à ń gbọ́ lórí ọ̀sà wa, níbi tí ènìyàn àti ẹrù ti pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè gbé, tí àwọn èrò sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ̀rù bà wọ́n, jẹ mọ́ èyí. Èrò inú ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe èrò, apá kan awakọ̀ ni.

Ohun tó lè pa á ni ọ̀nà. Òpópónà etíkun láti Èkó dé Calabar, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 700, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, yóò gba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kọjá, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà tó bá ń retí rẹ̀. Ẹni tí aboyún ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ lóru kí ó tó rí dókítà kò ní fẹ́ gbọ́ ẹkún mi lórí orúnkún. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá dé, ọmọ tí ì bá ti wà nínú ọkọ̀ kó tó rìn yóò wà lórí ọ̀kadà, ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ yẹn ni kò sì ṣeé rà padà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yóò gbé ọkọ̀ kan sórí pèpéle, wọ́n á kọ irú igi rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tó bá ní ẹ̀rọ àwòrán lọ́wọ́, tí wọ́n fẹ́ ṣe ìtàn Etikan lóore kó tó di ìgbà náà, kí wọ́n yé ya orí àti ẹ̀rín àwọn awakọ̀ nìkan. Kí wọ́n gbé e wálẹ̀, sí ibi tí ẹsẹ̀ àti orúnkún wà, kí wọ́n sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó wà ní ìdí ọkọ̀ pé ta ló kọ́ ọ, ọmọ ọdún mélòó ló wà nígbà náà, àti ta ni òun náà ń kọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́.